Akínbọ́lá Tọ́ Òkun Wò

Akínbọ́lá pe olóòótọ́ obìnrin ní òpùrọ́ lójú gbogbo ìjọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́nà ipò tí ó tọ́ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtàn yìí dá lé lórí nìyẹn. N kò ní fi í pamọ́ fún yín títí di ìparí, nítorí ẹni tí ó bá ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di alábàápín nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952 ni ó ṣẹlẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Adó-Èkìtì. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ ìkórè náà sì ni wọn yóò fi Monínúọlá jẹ Ìyá Ìjọ. Gbogbo ìlú ni ó mọ obìnrin yìí. Ìrẹsì Ìgbẹmọ ni ó ń kó lọ sí Igbókọ̀dá nínú lọ́rì, ẹja gbígbẹ àti edé ni ó ń kó bọ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun kíjìpá tuntun sílẹ̀ de ọjọ́ oyè.

Akínbọ́lá ni Bàbá Ìjọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, kóòtù funfun àti ṣòkòtò funfun ni ó máa ń wọ̀, a sì máa sọ Yorùbá bí ará Èkó. Nígbà èwe rẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Òṣogbo, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní A-rókun-bọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ìjọ náà tí ó sọ pé òun ti fojú kan òkun. Bí ìwàásù bá ti kan Jónà tàbí Pétérù, àlùfáà a dúró díẹ̀, a ní kí Bàbá Ìjọ dìde sọ bí òkun ti rí.

Bàbá Ìjọ a dìde, a tún kóòtù ṣe. "Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní," ni yóò wí. "Jẹ́jẹ́ ni ó dákẹ́. Mo bu ú mu, ó dùn ju omi odò wa lọ. Ní ti ìjì Jónà, Ọlọ́run ni ó dìídì rán an."

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Monínúọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá Igbókọ̀dá, ó bá ọlọ́kọ̀ lọ dé Ugbónlà létí òkun gan-an. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin pé lé e lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè. Akínbọ́lá gbọ́, ó sún mọ́ wọn.

"Ìyá Bùsáyọ̀, kí ni mo gbọ́ tí o ń wí?" ni ó bi Monínúọlá.

"Òkun ni, Bàbá. Mo ní ariwo rẹ̀ kì í dá. Yóò wá sí ilẹ̀, yóò padà, lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́. Iyọ̀ sì kún inú omi rẹ̀."

"Iyọ̀! Kí ni o tún rí?"

"Ìlú tí kò ní òkúta. Ẹ lè rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò ní rí èyí tí ẹ ó fi lé ewúrẹ́."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ní Adó, níbi tí òkè àpáta yí ilé ká, ta ni yóò gba èyí gbọ́?

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe ààrò?" ni Akínbọ́lá bi í. "Orí orúnkún ni wọ́n ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kà?"

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ le. "Èmi tí mo bu omi òkun mu rèé, obìnrin yìí ní iyọ̀ ni. Ẹni tí ó lè purọ́ mọ́ omi, ṣé ènìyàn ni yóò dá sí? Òpùrọ́ kò lè jẹ Ìyá Ìjọ ní ilé Ọlọ́run yìí."

Monínúọlá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. "Bàbá, ẹ gba oyè náà bí ẹ bá fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba orúkọ mi. Òun ni mo fi ń jáde nílé, òun náà ni n ó fi sílẹ̀ fún ọmọ."

Olúfúnṣọ́, tíṣà ìjọ náà, ni ó dá sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rù òótọ́. "Ẹ̀yin àgbà, òkun kò sá lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ wò ó, kí n bá wọn lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi, kí ó wá sọ ọ́ níbí."

"Èmi tí mo ti rí i!" ni Akínbọ́lá wí. "Kí ni n ó tún lọ wò?"

Ìyá arúgbó kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "A-rókun-bọ̀, ẹ lọ kí i. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ríra!"

Báyìí ni ọ̀nà ṣe di dandan fún un. Lónìí, ẹni tí ó bá jí ní Adó lè rí òkun kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà náà, lọ́rì onípákó ni, lójú ọ̀nà eléruku. Akínbọ́lá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó dé ate. Wọ́n gba Àkúrẹ́, wọ́n gba Oǹdó àti Òkìtìpupa, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Bàbá, àárín ni kí ẹ jókòó sí o," ni atukọ̀ wí. "Omi kò mọ Bàbá Ìjọ."

Òkè ti tán lójú wọn. Igi ń dín kù, koríko àti omi nìkan ni ó kù, títí tí wọ́n fi dé Ugbónlà. Ilé pákó àti ilé ọ̀pá ògùrọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ igi, àwọ̀n wà lára ògiri, èéfín ẹja ń rú. Olúyẹ́misí, oníbàárà Monínúọlá, ni ó gbà wọ́n lálejò. Akínbọ́lá kò jókòó. Ilé ìdáná ni ó lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú.

"Bàbá, kí ni ẹ ń wá lábẹ́ ìkòkò mi?" ni Olúyẹ́misí bi í. "Inú rẹ̀ ni ẹja wà."

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààrò náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Akínbọ́lá fi ìka kàn án: amọ̀ ni lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ kò ní òkúta rárá?"

"Mo ní ọ̀kan. Ọlọ tí ìyá ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè ni. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ, kí ó má padà sílé!"

Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà náà ni Akínbọ́lá gbé etí sókè. "Lọ́rì wo ni ó ń kùn bọ̀ yẹn?"

"Lọ́rì kẹ̀? Òkun ni, Bàbá."

Ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n rìn lọ sórí iyanrìn, Olúyẹ́misí ṣáájú wọn, òkun sì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn láìní òpin. Ìgbì ń dìde bí ògiri funfun, ó ń wó, òmíràn ń dìde.

"Bàbá," ni Tíṣà wí, "ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n bu omi rẹ̀ fún yín." Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọnú omi, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu ú. Kí ó tó gbé e dé ẹnu, òkun ti gbé e fún un. Ìgbì bò ó mọ́lẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ate, ó sì dà á sílẹ̀ ní orí iyanrìn bí ẹja.

"Uyọ̀!" ni ó ké. "Uyọ̀ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi! Uyọ̀!"

Yorùbá Èkó tí ó ti fi ogójì ọdún sọ ti bá omi lọ. Èdè ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù sí i lẹ́nu. Monínúọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.

Olúyẹ́misí yá a ní ìró aláwọ̀ pupa, òun ni ó sì ró wọ Àyétòrò, ìlú tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà, tí wọ́n ń rìn lórí pákó láti ilé dé ilé. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n ní, "Ẹ kú ìlúwẹ̀ẹ́, Bàbá!" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn. Ní abúlé apẹja kan lẹ́yìn ibẹ̀, ó jókòó ti àwọn òpó tí wọ́n ń so àwọ̀n mọ́, láti wò ó bóyá òkun a máa padà lóòótọ́. Ní ọ̀sán, òpó kan ni ó yọ orí lójú omi. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mẹ́fà ti dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ń wo àwọn òpó náà ṣáá.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Tíṣà ṣàánú rẹ̀. "Bàbá, a ó sọ fún ìjọ pé àṣìṣe ni. Ọmọdé ni yín nígbà náà. Ọ̀sà Èkó ni ẹ rí, ẹ ṣe bí òkun ni."

"Ìyẹn tó fún mi," ni Monínúọlá wí. "Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé n kò purọ́."

Akínbọ́lá yíjú padà sí ọ̀nà òkun.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ka ohun tí ó kọ sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì yíjú sí Monínúọlá pẹ̀lú ayọ̀. Tíṣà wá ní, "Ní ti Bàbá Ìjọ, àṣìṣe ni." Ṣùgbọ́n Akínbọ́lá ti dìde.

"Tíṣà, ẹ ṣeun, kì í ṣe àṣìṣe. Ní Èkó, mo bi ẹni tí ó ń tukọ̀ pé ṣé òkun nìyí. Ó ní, 'Rárá o, ọ̀sà ni. Òkun wà níwájú.' N kò ráyè dé iwájú. Mo wí nínú ara mi pé, ta ni ó mọ ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun ní Adó? Nígbà tí obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ pé ó ti dé ibi tí n kò dé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi yára pè é ní òpùrọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí ó lè bí lọ́mọ. Àwọn ọkùnrin sáré láti gbé e dìde. Ó kọ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ tí ó ti mọ Monínúọlá, kò pè é ní "ẹ̀yin" rí.

"Ẹ̀yin Monínúọlá, òótọ́ ni ẹ sọ. Èmi ni mo purọ́, ogójì ọdún ni mo sì fi pa á. Ipò yín ń dúró dè yín; tèmi di ọwọ́ ìjọ. Mo bẹ̀ yín lójú gbogbo àwọn tí mo sọ ọ́ lójú wọn: ẹ dárí jì mí."