Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Baba

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, orí ìkúnlẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Baba mi. Ó ń fi teepu wọn ògiri, kò sì dárúkọ owó kankan. Ohun tó jọ mí lójú nìyẹn. Gbogbo àwọn kọngílá tó ti wá ṣáájú rẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n ti ń pe iye.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Baba ní apá kan. Àga onítáyà tí wọ́n fi gbé e dé láti ilé ìwòsàn fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ, nítorí náà pálọ̀ ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń kí i tàánútàánú bí wọ́n bá wá wọn aṣọ. Yàrá tí òun àti ìyá mi jọ gbé títí ìyá mi fi kú wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ó ń rí ibùsùn wọn, kò lè dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun wọlé.

"Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni mí ni?" ni yóò wí. "Ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn fún mi. Èmi fúnra mi ni màá wọlé."

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń tọrọ láyé nìyẹn, a kò sì lè ṣe é fún un. Èmi àti kọngílá àkọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan. Kí n tó rán aṣọ tí màá fi kó owó náà jọ, ó padà wá sọ pé sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí. Nígbà tó tún padà wá, irin ni. Lẹ́yìn náà ó di owó ọkọ̀, ó di owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Baba sọ ọ́ ní Ó-Tún-Lé.

"Ọ̀gá," Baba bi í lọ́jọ́ kan, "iye owó yín yìí, ṣé ẹ ti fi í sílé ìwé? Mo rí i pé ó ń dàgbà."

Ó-Tún-Lé bínú lọ, kò padà wá mọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà kò sàn jù ú lọ. Nígbà náà ni ẹnì kan júwe bíríkìlà tó wà ní ìgbẹ̀yìn òpópónà wa fún mi.

"Ìwọ náà, o ò ní pe tìẹ ni?" Baba bi í níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Baba, mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ògiri yìí. Bí mo bá pe iye kan báyìí, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti purọ́ fún yín nìyẹn."

Baba wò ó títí. Ó wá kọjú sí mi. "Jẹ́ kí eléyìí padà wá."

Ó padà wá lóòótọ́. Iye tó pe nígbà tó yẹ ògiri wò tán kò ní àbùlà, síbẹ̀ ó ju agbára mi lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun yóò rò ó. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó máa ń yà kí Baba. Bí mo bá ń gé aṣọ tó gùn, ó máa ń di etí rẹ̀ mú fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí àwọn ẹ̀wù ọkùnrin tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ni ẹ rán ìwọ̀nyí fún?"

"Ọkọ mi ni ó ni wọ́n. Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí. Kò ní bó ṣe wu Ọlọ́run ni. Kò ní mo ṣì kéré, pé n óò rí òmíràn. Ó kàn di etí aṣọ náà mú títí mo fi gé e dé òpin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ra oògùn Baba, nítorí náà ohun tó bá wí nínú ilé wa, abẹ gé e nìyẹn. Ó wà lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Ọwọ́ mi wà lẹ́nu ẹ̀rọ, òun ló mú un.

"Ta ni Bíríkìlà?" Ó sún fóònù mọ́ ojú, ó kà á sókè ketekete. "'Mo ti rò ó. Màá fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Baba.' Kí nìyí?"

Kí n tó dìde, ó ti pè é.

"Ìwọ bíríkìlà! Ta ló sọ fún ọ pé àbúrò mi wà lórí gbàǹjo? O fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Ọkọ rẹ̀ kú ni, àwọn èèyàn rẹ̀ ò kú! Má jẹ́ kí n tún rí ẹsẹ̀ rẹ nílé yìí!"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Mo ti ro o. Maa fe e lofe. E ba mi so fun Baba.* Nílé ẹ̀kọ́ ìjọ tí a lọ, olùkọ́ wa máa ń sọ pé àmì ohùn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí, "kò sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ló ní òun máa fẹ̀."

Ó gba fóònù padà, ó tún un kà lábẹ́lẹ̀. "Kí ló dé tí kò fi àmì sí i?"

"Ìgbà wo lẹ̀yin náà fi sí tiyín rí?"

Ẹ̀rín pa Baba lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní pálọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń kùn pé ẹni tó bá ní òun máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nǹkan mìíràn ló ń wá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi bàjẹ́. Ó bàjẹ́ nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló ń sọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò gbé fóònù. Baba yí ojú sí ògiri, kò fẹ́ wo yàrá náà mọ́. Mo wá gbéra, mo lọ bá bíríkìlà níbi tó ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó ń bomi rin wọ́n lórí ìlà. Nígbà tó rí mi, ó gbé garawa sílẹ̀.

"Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ṣì í kà ni. Ṣé ẹ ò sọ fún wọn pé ẹnu ọ̀nà lẹ̀ ń wí ni?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Bí mo bá ní ẹnu ọ̀nà ni mò ń wí, òótọ́ ni. Bí mo bá ní ẹnu ọ̀nà nìkan ló wà lọ́kàn mi, irọ́ ni. Mo bá dákẹ́."

Omi ń kán láti ara àwọn búlọ́ọ̀kù náà.

"Ẹ má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́," ni mo wí nígbẹ̀yìn. "Bí ẹ bá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo bá wá fẹ́ yín, wọn yóò ní ẹnu ọ̀nà ni mo fi ara mi san."

Ó wò mí. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ tán yìí?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ìgbà tí mo ròyìn fún Baba pé bíríkìlà máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì ní in, ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi wá.

"Owó ìsìnkú mi tó wà lọ́wọ́ rẹ," ó wí fún un, "kó o fún bíríkìlà."

"Baba! Kí la máa fi sin yín?"

"Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Ṣé ẹ máa fi mí sílẹ̀ lókè ni? Mo fẹ́ fi ojú ara mi sùn nínú yàrá mi kí ẹ tó fi òkú mi yangàn."

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, ó sì kó o wá.

Bíríkìlà wó ògiri náà, ó fi irin gbé orí rẹ̀ ró, ó rẹ́ ẹ, ó fi férémù tuntun sí i. Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbẹ, Baba gbá ọwọ́ wa kúrò lára àga. Ọwọ́ kan tó kù fún un ló fi ń yí táyà. Àga náà ń lọ ní ẹ̀gbẹ́, ó ń dúró, ó ń tún un yí. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó wọlé. A gbọ́ tó pe ìyá mi ní orúkọ tí a kò gbọ́ láti ìgbà tó ti kú, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bíríkìlà tẹ̀ lé e wá tọrọ mi, Baba kọ̀ láti jáde sí pálọ̀. "Mo pẹ́ kí n tó wọlé. Ẹ bá mi níbí." Gbogbo wa há sínú yàrá.

"Ọmọ mi ti sunkún ọkọ kan," Baba wí fún bíríkìlà. "Ṣé o lè ṣèlérí pé kò ní sunkún ìkejì?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé kó dáhùn.

"Baba, ẹ̀mí kò sí lọ́wọ́ mi. Owó sìmẹ́ńtì ọ̀la pàápàá, mi ò lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Bí mo bá wà láyé, màá wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Baba wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Kò mọ irọ́ pa," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ fún un."

Baba kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Òwúrọ̀ ni, nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi àkọ́kọ́ kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa ojú Baba dé, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣí fèrèsé lẹ́yìn mi.

"Ẹni tèmi," ó wí. "Jókòó. Mo wà níbí."