Ohun Tí Ọ̀gá Òtútù Rí Nínú Yìnyín Máńgòrò

Ooru ọdún yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ̀yin èèyàn mi. Aago méje àárọ̀ lòòrùn ti máa ń yọ, tí á sì máa ta èèyàn lára bíi pé ó ti bá ẹnìkan jà kó tó kúrò nílé. Ẹni tó wẹ̀ láàárọ̀ á tún máa wá omi ìwẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ta lọ̀rẹ́ ọmọ aráyé bí kò ṣe ẹni tó ní fìrísà?

Bàbá kan wà ládùúgbò kan tó jẹ́ pé fìrísà títúnṣe niṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, Ọ̀gá Òtútù sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn fìrísà tó ti kú ló kún iwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn lèyí tó fi ń yangàn wà, fìrísà ńlá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ láti ara mẹ́ta tó ti bàjẹ́. Ó lẹ tẹmómítà kékeré kan mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Láàárọ̀, tẹmómítà yìí ló máa ń wò kó tó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹran tí òun bá gbé síbẹ̀, kí wọ́n padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bó ṣe wà náà ni wọ́n á bá a, pé kò sí kòkòrò tó lè gbé inú òtútù òun. Àwọn oníbàárà á mi orí. Ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ mọ yìnyín èso ṣe. Bí ooru bá ti dé, á ra máńgòrò tó pọ́n dáadáa àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, á bó wọn, á gé wọn, á fi omi lọ̀ wọ́n, á rọ ọ́ sínú àwọn ife rọ́bà kéékèèké, á ki igi pẹlẹbẹ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín, ó di inú fìrísà. Àwọn ọmọ àdúgbò á lá a títí wọn á fi máa jẹ igi.

Tẹ́lẹ̀, obìnrin yìí máa ń se omi rẹ̀ kó tó lò ó. Ọkọ rẹ̀ ló bá a jà lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí bàbá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ahun. Gbogbo ẹni tó ń tún fìrísà ṣe ló mọ̀ pé ohun gbígbóná lọ̀tá ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbé omi tó ń gbóná síbẹ̀, ẹ̀ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì ní sinmi. Ọ̀gá Òtútù ti rí ẹ̀ńjìnnì tó ti ibẹ̀ jó. Nígbà tó ká ìyàwó rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń to èyí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú fìrísà, inú bí i. Ó ní kó yé fi iná dá ẹ̀rọ òun lóró, kó máa bu omi táǹkì bó ṣe wà, pé iṣẹ́ tí iná ń ṣe lára omi, òtútù òun á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó ráhùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹni ni, ọ̀gá sì ni nídìí iṣẹ́ náà. Ó gbà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gba ìsinmi, àádọ́ta ife yìnyín máńgòrò ló ti dì sínú fìrísà. Ìyàwó Ọ̀gá Òtútù ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ àdúgbò pé bí wọ́n bá ti jáde láago kan, kí wọ́n yà wá gba tiwọn. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹlé nítorí bí orí rẹ̀ ṣe máa ń mì tó bá ń rìn, ti jẹ méjì níjẹta. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ ìsinmi yìí, ìgbẹ́ gbuuru ti mú un. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tó fi yà á lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ìyá àgbà ní eyín ló ń hù. Bàbá àgbà ní ooru ni. Ẹnu àríyànjiyàn yẹn ni wọ́n wà tí Ìyá Ìgò fi wọlé.

Obìnrin tó háyà yàrá òkè ni Ìyá Ìgò. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi ìlú wò ló ń ṣiṣẹ́, ìgò omi kì í sì í wọ́n nínú báàgì rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Fíríìjì kékeré rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ bàbá ló wá gbé. Bó ṣe rí ọmọ tó rọ̀ sí èjìká ìyá àgbà, ó gbàgbé fíríìjì. Ó fi ìka fa awọ ikùn ọmọ náà díẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó gbẹ, ó béèrè ohun tó jẹ. Wọ́n sọ fún un.

"Ṣé ẹ se omi tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

Ìyá àgbà wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ìyá Ìgò ò wàásù. Ó fọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé omi sísè tó ti tutù wá, lítà kan. Ó wọn ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà sí i, ṣíbí tó kún dọ́gba tí kò gòkè, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré kan náà, ó rò ó pọ̀. Ó ní kí wọ́n máa fún ọmọ náà mu díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà pọn ọmọ, ó mú omi náà dání, ó jáde.

Nígbà tó lọ tán ni Ìyá Ìgò wá sọ fún bàbá pé kí ọmọ kankan má fẹnu kan yìnyín tó kù.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Òtútù. Ó béèrè ọdún tí Ìyá Ìgò ti fi tún fìrísà ṣe. Ó ní kó wá wo tẹmómítà òun. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó wá fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, mi ò lè bá yín jiyàn lórí òtútù. Ẹ mú ife kan, ká jọ lọ síbi iṣẹ́ mi. Tí mo bá parọ́, ẹ má bá mi tún fíríìjì ṣe mọ́ láyé."

Bàbá mú ọ̀kan, ó wé e sínú aṣọ. Ó fẹ́ lọ fi ojú Ìyá Ìgò gbolẹ̀ ni.

Yàrá tí wọ́n wọ̀ mọ́ tónítóní. Ìgò tò lórí pákó lára ògiri, ìwé pélébé so mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, Ìyá Ìgò fa ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kí bàbá fi ojú kan wò ó.

Irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ ni bàbá kọ́kọ́ rí. Ìyá Ìgò yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ là.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú bàbá rí nǹkan. Ègé máńgòrò tí ojú lásán ò lè rí dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí òkè ńlá. Àwọn nǹkan tín-ín-tín-ín sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn kan rí bí ègé òwú tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, àwọn kan ò ju tóótó lọ. Wọ́n ń yí, wọ́n ń ta lura, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kò ṣeé kà. Bàbá gbójú kúrò, ó wo gíláàsì náà. Ẹ̀kán omi lásán ni, kò ju orí ìṣáná lọ. Ó tún dojú kọ ẹ̀rọ, ìlú ńlá ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ò sì mọ̀ pé ẹnìkan ń wò wọ́n. Orí rẹ̀ wú. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ṣé inú òtútù mi ni gbogbo èyí ti jáde?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Inú òtútù yín ni, Bàbá. Wọn ò kú. Wọ́n sùn ni. Bó ṣe yọ́ báyìí, wọ́n jí."

Bàbá ní bóyá gíláàsì ló dọ̀tí. Ìyá Ìgò ò bínú. Ó mú yìnyín tí wọ́n fi omi sísè dì wá, ó yọ́ ọ, ó kán an sórí gíláàsì tuntun. Bàbá wò ó títí. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, nǹkan kan ò mira.

"Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fìrísà, ẹran inú ẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Ìgò bi í.

"Á rùn."

"Ta ló wọlé lọ bà á jẹ́?"

Àìmọye ìgbà ni Ọ̀gá Òtútù ti di imú rẹ̀ mú kó ẹran jíjẹrà jáde nínú fìrísà oníbàárà, kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ohun tó bà á jẹ́ ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, ó ń dúró ni. Ìyanu ńlá ló jẹ́ fún un pé òtútù tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn kò pa nǹkan kan rí, ó kàn ń dá a dúró ni.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé omi àìmọ́ ló fà á, omi ara ọmọ ti dín kù gan-an, wọ́n dá a dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu omi tí wọ́n ń fún un. Ó wá ní kó má ṣèyọnu nípa àwọn ọmọ iléèwé, òtútù rẹ̀ ṣáà ti pa kòkòrò inú tiwọn, òun ti fún aránṣọ ilé kejì ní kọ́kọ́rọ́ fìrísà tó wà lọ́wọ́ òun, á bá àwọn pín in láago kan.

Bàbá wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pe aránṣọ, kò gbé fóònù. Bàbá àgbà bá sáré.

Nígbà tó fi dé ilé, àwọn ọmọ ti tò sẹ́yìn ara wọn nínú yàrá ẹ̀yìn, ọmọ mẹ́ta ti gba ife. Ọ̀kan ti yọ ahọ́n. Bàbá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba méjì tó kù. Ọmọ bú sẹ́kún. Aránṣọ wò ó tìyanutìyanu, ó ní ọ̀gá, ṣé nítorí omi máńgòrò lẹ ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ fà á?

Mímí ni bàbá ń mí, irọ́ sì ti dé ètè rẹ̀. Ó lè ní gáàsì fìrísà ló jò sí i. Kò sẹ́ni tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó ń rìn nínú ẹ̀kán omi, ó sì rántí pé gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu tó bá kan òtútù.

"Omi inú ẹ̀ ò dáa," ó sọ fún wọn. "Ìyàwó mi fẹ́ sè é, èmi ni mo ní kó má sè é. Mo rò pé òtútù ń pa kòkòrò. Kì í pa á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara mi rí i ni, wọ́n wà láàyè. Ọmọ-ọmọ mi ti jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ló wà báyìí."

Bàbá kó àwọn ife náà jáde, ó dà wọ́n nù sínú ihò ìdọ̀tí lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn. Ojú tì í gan-an, ṣùgbọ́n kò dúró.

Ọjọ́ kẹta ni Ẹyẹlé padà wálé. Kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sọ fún bàbá pé ká ní wọ́n jókòó sílé di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ pé eyín ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti kọjá omi mímu. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló dáná. Omi hó dáadáa, ó dé e, ó gbé ìkòkò náà sínú bàsíà omi tútù títí kò fi gbóná mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ṣe yìnyín èso, ẹ̀ńjìnnì fìrísà ò sì mí hẹlẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe yìnyín èso fún àwọn ọmọ, ẹ se omi náà kó hó, ẹ jẹ́ kó tutù pẹ̀lú ìdérí lórí kó tó wọ fìrísà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fọ èèpo èso kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀bẹ àti ife. Èyí tó bá yọ́ nígbà tí iná lọ, ẹ má tún un dì. Bí ọmọ bá sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má dẹ́bi fún eyín. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà bí Ìyá Ìgò ṣe wọ̀n ọ́n, ẹ má dá ọmú tàbí oúnjẹ rẹ̀ dúró, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Títí dòní, oníbàárà kan kì í gbé fìrísà kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Òtútù láìjẹ́ pé bàbá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ní òun ti tún un ṣe, á tutù dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní bá wọn pa kòkòrò kankan. "Ẹ kọ́kọ́ se omi yín, ẹ jẹ́ kó tutù," á wí, "kí ẹ tó gbé e fún fìrísà."