Igun Àwọn Èpìyà

Èpìyà náà tún gé Dèbórà níka jẹ.

"Yéè! Ẹja burúkú!" Ó fa ọwọ́ yọ nínú àpótí gíláàsì, omi òkun sì dà sí i láṣọ. Ìka náà kò ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí ló fi ṣe ẹja yìí gan-an?

Ilé-ẹ̀kọ́ Ayétòrò, ìlú tí ìjọ kan tẹ̀ dó sétí òkun, ni àpótí náà wà. Àwọn káfíńtà ìlú ló kàn án, Tíṣà Lawrence sì fi í sí ìkáwọ́ Dèbórà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Àràárọ̀ ló ń pọn omi òkun wá sí i. Ẹja méje ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀: èpìyà méjì, akọ àti abo, tí Bàbá Mósè apẹja mú lẹ́nu odò níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé, àti ẹja wẹ́wẹ́ márùn-ún. Àlàáfíà wà títí àwọn èpìyà fi yé ẹyin sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ogun dé nìyẹn. Ẹja tó bá ti sún mọ́ igun yẹn, wọn á lé e, wọn á já a nírù. Méjì ti kú.

"Dèbórà," ni Tíṣà wí, "oṣù kan ló kù kí àwọn àlejò wá wo iṣẹ́ wa nígbà ìkórè. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o ṣàlàyé àpótí yìí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹja mìíràn bá kú, Jákọ́bù ni n ó gbé iṣẹ́ yìí fún."

Jákọ́bù kẹ̀! Jákọ́bù tó máa ń sùn nínú kíláàsì! Ọ̀rọ̀ náà wọ Dèbórà lákínyẹmí ara.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Mósè yà wá wo àwọn ẹja rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọma mi, ẹja tó ń ṣọ́ ẹyin kì í fojú rere wo ẹnikẹ́ni. Fi pákó dí àárín àpótí yìí, kí o lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè máa gbà á kọjá. Kí tọkọtaya wà lápá kan, kí àwọn yòókù wà lápá kejì."

"Bàbá, ní Ayétòrò? Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ, sítọ́ọ̀ kan náà la ti ń gba aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé tèmi nìyí. Ṣé èmi á wá kọ́ yàrá fún ẹja? Kí làwọn àlejò á wí?"

"Ẹja ò bá wa wọ ìjọ o," ni bàbá dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dèbórà kọ etí ikún sí i. Ọgbọ́n tirẹ̀ ló dá. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tú gbogbo òkúta inú omi ká, ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ kí ó má baà sí igun tí ẹja kankan á máa jẹ gàba lé lórí. "Ẹ jọ máa gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá," ni ó wí.

Nígbà tí ó máa fi dé láàárọ̀, omi ti rú. Àwọn èpìyà kò rí igun wọn mọ́, wọ́n sì ti sọ gbogbo àpótí di tiwọn. Ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó kù ti léfòó, ìrù wọn já. Ẹyin pàápàá kò sí mọ́. Àwọn tó yé e ti jẹ ẹ́.

Tinúkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a níbi tó ti ń sunkún. "Panu mọ́. Ọkọ̀ àwọn apẹja ti gúnlẹ̀. Jẹ́ ká yọ́ mú mẹ́ta tó ṣì ń mí nínú agbọ̀n kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìdáná. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó ṣe Dèbórà bíi kó lọ. Ó tilẹ̀ ti gbé garawa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ni ẹja inú agbọ̀n yẹn. Òun tó ń bá èpìyà jà nítorí igun kan, ṣé òun ló máa wá jí ẹja gbogbo ìlú? Ó gbé garawa sílẹ̀, ó lọ bá Tíṣà, ó sì jẹ́wọ́.

Tíṣà kò nà án. Ó kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Jákọ́bù. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

"Bàbá Mósè ní ká fi pákó dí i láàárín," ló fi ìbínú sọ fún Jákọ́bù. "Ṣe é bó bá wù ọ́."

Jákọ́bù kì í bá àgbà jiyàn. Ọjọ́ náà gan-an ló ṣe é, Bàbá Mósè sì kó ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn wá fún un.

Nígbà tí ìkórè dé, àwọn èpìyà ti tún yé. Àwọn ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́ lápá kan pákó, ẹja yòókù sì ń jẹun ní àlàáfíà lápá kejì. Àlejò kan béèrè ẹni tó ronú kan pákó náà.

"Dèbórà ló sọ fún mi, sà," ni Jákọ́bù dáhùn.

Gbogbo ojú yí sí Dèbórà. Ká ní ó rẹ́rìn-ín lásán ni, ìyìn náà ì bá jẹ́ tirẹ̀.

"Rárá o, sà," ni ó wí. "Bàbá Mósè ló sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́, tí ẹja mẹ́ta fi kú sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Ojú tì í, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dára ká jọ ní nǹkan pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́ ọmọ nílò àyè. Ẹni tó bá sì mọ odò jù wá lọ, ká gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti léfòó.