Ọ̀bẹ Lórí Àwòrán Piroska

Hàrà, hàrà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀bẹ tó ń ha ọ̀dà kò tíì kúrò ní etí Ambrus, àní ní Toronto tó darúgbó sí.

Abẹ́ igi ápù, ní abúlé wọn ní Hungary, ni Ọ̀gá Bódog ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ènìyàn nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwòrán tí kò bá dára kì í sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀bẹ ló máa fi ha á kúrò.

Piroska, ọmọ olóko, ló ń wọ aṣọ funfun jókòó kí Ambrus lè yà á.

"Ẹrẹ̀ lo fi kùn mí lójú yìí, Ambrus."

"Ibòji ni."

"Ibòji ọ̀hún mà dọ̀tí o."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Koríko ló ń tan àwọ̀ ewé rẹ̀ sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Wò ó dáadáa."

Wíwò dáadáa yẹn ló kó ìfẹ́ bá Ambrus.

Ìyá Piroska kò fẹ́ kí ayàwòrán di àna òun. "Ọjọ́ tí àwòrán yẹn bá parí, ọmọ mi ò ní wá mọ́. Ọmọ oníbúrẹ́dì ń dúró dè é."

"Ìgbà wo lo máa bá Màámi sọ̀rọ̀?" Piroska a máa bi í.

"Láìpẹ́, olólùfẹ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yà kúrò lórí ẹ̀ka, gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú àwòrán bó ṣe yẹ: àwọ̀ ewé lábẹ́ àgbọ̀n, búlúù nínú ìṣẹ́po aṣọ, ẹ̀rín rẹ̀ gan-an. Àwòrán ti parí nìyẹn. Kí Piroska tó dìde wá wò ó, ó ti mú ọ̀bẹ. Hàrà, hàrà.

Piroska wo aṣọ tí Ambrus ń ya àwòrán sí, tó ti ṣófo. "Lónìí náà kò dára?"

Ambrus ń nu ọ̀dà kúrò lára ọ̀bẹ.

"Látọjọ́ tí mo ti ń jókòó fún ọ, o ò rí nǹkan kan lára mi tó yẹ kó sùn mọ́jú."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kí wọ́n tó ká ápù tán, ó ti di ìyàwó ọmọ oníbúrẹ́dì. Ambrus kó ẹrù rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ọmọ àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé ọkọ Piroska ti kú tipẹ́, pé ìyá àgbà náà ṣì máa ń jókòó sábẹ́ igi ọ̀hún láàárọ̀. Ambrus kọ̀wé sí Piroska lórí fóònù, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Níkẹyìn, ó fi í ránṣẹ́:

"Piroska ọ̀wọ́n, àwòrán ọjọ́ náà dára. Ìwọ gan-an ni. Torí kí o lè padà wá lọ́jọ́ kejì ni mo ṣe ha á. Tí o bá fẹ́, wọ aṣọ funfun dè mí lásìkò ápù. Mò ń bọ̀. Mi ò ní mú ọ̀bẹ dání."