Ìràwọ̀ Méjì àti Kọ́kọ́rọ́ Kan

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá òkú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Jíjá ni wọ́n já ilẹ̀kùn náà kí wọ́n tó ráyè wọlé, torí pé ìta ni wọ́n ti tì í pa.

Inú ilé roboto orí òkè ni, níbi tí obìnrin náà ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orí àtẹ̀gùn onírin ló ti já bọ́. Itan rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ipa ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ. Oníṣègùn tó yẹ òkú náà wò sọ pé ó tó wákàtí mẹ́ta tó fi wà láàyè lẹ́yìn tó ṣubú. Okùn tó fi ń gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn ti já, kọ́kọ́rọ́ kò sì sí níbẹ̀.

Kíákíá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Sájẹ́ǹtì obìnrin tó gba ẹjọ́ náà ń pè é, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn. Kò tíì lo wákàtí kan lórí òkè tó fi rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Ọlọ́dẹ, arúgbó tó ń ṣọ́ géètì. Ó bi í bó ṣe débẹ̀. Bàbá náà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ni Sájẹ́ǹtì bá kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ ò parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, Bàbá Ọlọ́dẹ kò tíì fẹnu kan omi. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá, kúlà oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e sílẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó wí fún Sájẹ́ǹtì, “ara ìṣó ìta géètì ni jákẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń wà, tọ̀sántòru. Ta ni ò lè ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀? O ò tiẹ̀ rò ó wò.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sájẹ́ǹtì lára, torí pé òótọ́ ni. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò gbé bàbá náà lọ sílé ẹjọ́. Ibẹ̀ ni yóò gbà dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó máa retí ìgbẹ́jọ́ tó lè gba ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò jẹun kò lè lo oṣù kan níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fún òun ní ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀gá ní ẹ̀rí lòun fẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Sájẹ́ǹtì gun òkè náà padà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ń bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹni méjì péré ló kù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mẹkáníìkì ló ń tún àwọn awò àti ẹ̀rọ ṣe. Èkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ọ̀la. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń kàwé kó lè di dókítà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa parí, á ní ọ̀la ni. Òun náà máa ń fi orúkọ yẹn rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní òun àti olóògbé jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gíláàsì búlúù kan ló já bọ́ lọ́wọ́ òun, ó fọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì bú òun títí òun fi sunkún bí àgbàyà. Lóru tó kú, ilé lòun wà, òun ń sùn. Ìyàwó òun rìnrìn àjò. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ká ní àná ni, Sájẹ́ǹtì ì bá ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí òun náà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì fà á jókòó. Ó ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún òun gan-an, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé.

Mẹkáníìkì ní àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Bí ọ̀kan bá ti dí èkejì lójú, ìmọ́lẹ̀ á relẹ̀. Wọ́n á gba ìmọ́lẹ̀ náà kọjá nínú gíláàsì búlúù, wọ́n á tún gbà á kọjá nínú gíláàsì yẹ́lò, ẹ̀rọ á sì ka iye rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìràwọ̀ náà, àti bó ṣe gbóná tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á wọn ìràwọ̀ jẹ́jẹ́ kan tí kì í yí padà, èyí tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ̀n, kí wọ́n lè rí ohun fi wé.

“Ohun tí ẹ̀rọ bá kà la ń kọ,” ó wí. “A ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Àtúnṣe dọ̀sán ọjọ́ kejì, bírò pupa la sì fi ń ṣe é.”

Ó ṣí ìwé tí wọ́n bá lórí tábìlì olóògbé. Aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ìlà ìkẹyìn, kò sì tíì sí bírò pupa kankan lórí ojú ewé náà. Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ nọ́ńbà ìràwọ̀ tí wọ́n kọ sókè ojú ewé náà.

“Kejìdínlógún? Ìràwọ̀ méjì ti Dókítà Ọ̀la nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fọwọ́ kan ìràwọ̀ ẹlòmíì.”

Dókítà Ọ̀la gba Sájẹ́ǹtì tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún un ní àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Bí ìyá lobìnrin yẹn ṣe rí sí òun, ó wí, òun ò sì mọ ohun tó ń wá nídìí ìràwọ̀ òun. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú ìwé tirẹ̀ jáde. Ìdí awò kékeré, ní ìpẹ̀kun òkè, lòun wà láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di méjì òru. Lógún ìṣẹ́jú lógún ìṣẹ́jú ló ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Bó bá fi ìdí awò sílẹ̀, ó ní, ojú ewé náà á fi hàn.

Sájẹ́ǹtì fìka tọ ìlà ìdíwọ̀n. Igba ó lé mẹ́wàá. Igba ó lé mẹ́sàn-án. Igba ó lé mẹ́wàá. Igba ó lé mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀ ló rí délẹ̀, nínú búlúù àti nínú yẹ́lò.

“Èyí kì í yí?”

“Kì í yí rárá, mà. Ìdí tá a fi yàn án nìyẹn.”

“Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́? Lóru kan náà, ìdíwọ̀n kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin, ó parí sí ẹgbẹ̀ta. Búlúù tiẹ̀ tún já ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó rọra rẹ́rìn-ín. “Awò ńlá nìyẹn, mà. Awò kékeré ò lè kó ìmọ́lẹ̀ tó ìyẹn. Nọ́ńbà méjèèjì ò lè dọ́gba láéláé.”

Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu lójú Sájẹ́ǹtì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìwé náà dání, ó jáde.

Ìrètí rẹ̀ já. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rí ibi tó wà, ẹ̀rí tirẹ̀ ló dán jù. Ó jókòó sórí òkúta kan níta géètì. Oòrùn ti ń wọ̀. Fóònù dún, ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni. Bàbá ti dákú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n da omi sí i lórí kó tó sọjí, kò sì gba omi sẹ́nu. Sájẹ́ǹtì fi orí lé orúnkún, ó sunkún gidi, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé oòrùn lòun ń wò ní tààrà. Ó pọ́n, ó sì tutù lójú. Ó ń wò ó bẹ́ẹ̀, ni nǹkan kan bá sọ sí i lọ́kàn. Ta ló jẹ́ wo oòrùn báyìí lọ́sàn-án gangan? Oòrùn kan náà ni. Kò yí padà. Wíwọ̀ tó ń wọ̀ lọ ló sọ ọ́ di báyìí.

Ó sáré padà wọlé débi tó fi kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá Mẹkáníìkì nídìí tábìlì rẹ̀.

“Àtúnṣe tí ẹ ń fi bírò pupa ṣe, kí lẹ fi ń tún ṣe?”

“Afẹ́fẹ́ ni. Bí ìràwọ̀ bá ti ń wọ̀ lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa là kọjá á máa pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ á máa jẹ ìmọ́lẹ̀ náà, búlúù ló sì ń jẹ jù. Lọ́jọ́ kejì la máa ń ṣírò ohun tí afẹ́fẹ́ jẹ, ká sì fi í kún nọ́ńbà náà.”

“Ìdíwọ̀n náà ńkọ́? Ṣebí kì í yí.”

“Òun gan-an kì í yí. Afẹ́fẹ́ ò mọ̀yẹn.”

“Bí awò bá kéré ńkọ́?”

“Ìyẹn á dín iye kù. Jíjá ò ní ṣàì já.”

Sájẹ́ǹtì gbé ojú ewé Dókítà Ọ̀la síwájú rẹ̀. Mẹkáníìkì kà á láti òkè délẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

“Ìràwọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán ní aago kan,” ó wí jẹ́jẹ́. “Nọ́ńbà tí wọ́n ti tún ṣe tán nìwọ̀nyí. Ẹni tó kọ èyí ò sí nídìí awò kankan.”

Dókítà Ọ̀la ń di báàgì nígbà tí wọ́n wọlé bá a. Sájẹ́ǹtì kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fìka tẹ̀ lé wọn láti ìlà dé ìlà. Ó ní ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ń já bọ̀, tirẹ̀ ò mira, bí ẹni pé àjà ni wọ́n gbé ìràwọ̀ náà kọ́ sí. Ó ní inú iṣẹ́ rẹ̀ tó ti parí ló ti da nọ́ńbà wọ̀nyẹn kọ, ìkánjú ni kò jẹ́ kó rántí afẹ́fẹ́.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ìràwọ̀ rẹ fúnra rẹ̀, kò sì rí ohun tó o ní o rí. Ìwọ lo wà nílé roboto lóru yẹn. Ìwọ lo tì í.”

Ọkùnrin náà jókòó sórí báàgì rẹ̀.

“Ọdún àkọ́kọ́, ìkùukùu bojú ọ̀run fún oṣù mẹ́rin,” ó wí. “Mo jókòó ti awò lálaalẹ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá dá nọ́ńbà alẹ́ kan kọ láti orí ara mi. Alẹ́ kan péré. Nígbà tó yá, àwọn alẹ́ tó mọ́ ò bá ti ìyẹn mu mọ́, mo bá tún tiwọn náà kọ. Ọdún mẹ́fà, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n já a, ó ní tílẹ̀ bá mọ́ òun máa kọ lẹ́tà sílé ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ lọ mú ìwé ẹ̀ lórí tábìlì, ó dí mi lọ́nà lórí àtẹ̀gùn, mo taari ẹ̀.”

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

“Mo já a lọ́rùn ẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí ìwé yẹn mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo jù ú sí àpò jákẹ́ẹ̀tì Bàbá lára ìṣó bí mo ṣe ń kọjá ní géètì, wọ́n kẹ̀yìn sí mi.” Ó fọwọ́ bojú. “Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn, pé òun ò ní kọ lẹ́tà yẹn mọ́. Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ò yí padà.”

Mẹkáníìkì jáde síta. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú ilé.

Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ṣí àtìmọ́lé. Bàbá Ọlọ́dẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ètè rẹ̀ ti bó. Ìyàwó rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú kúlà. Sájẹ́ǹtì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ó sọ ẹni tó ṣe é, ó sì bẹ̀bẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá náà máa lanu sọ̀rọ̀.

“Dìde. Kì í ṣe torí tìẹ ni mi ò ṣe jẹun.” Ohùn rẹ̀ ti há. “Mo gbọ́ ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n lóru yẹn. Ẹnì kan máa ń ka nọ́ńbà síta níbẹ̀, ẹnì kejì á máa kọ ọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Mo yí rédíò mi sókè.”

Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì.

“Sọ fún mi,” ó wí. “Ṣé ó pẹ́ kó tó kú?”

Sájẹ́ǹtì wo kúlà. Ó wo ọwọ́ ìyá tó dì í mú. Ó wá wo bàbá náà lójú.

“Kò pẹ́, Bàbá. Bó ṣe ṣubú ló ti kú. Ẹlòmíì lẹ gbọ́.”

Bàbá Ọlọ́dẹ wò ó, wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.