Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ́ńjìnnì

Omi ló wà nínú ọkọ̀ náà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ni ọkọ̀ ń gbé, kò kan odò rí. Mo fi ìka tọ́ ọ wò. Omi iyọ̀ ni. Mo fi àkísà nù ún, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Àwòṣe ọkọ̀ ogun ojú omi ló ń gbẹ́, ó gùn tó géńdé tó nà gbalaja. Irin agbòjò ló fi ṣe ẹnu ìbọn rẹ̀. Èmi ni mo ń fi òwú dúdú ta okùn rẹ̀, torí ìka tèmi tín-ín-rín. Ọ̀gá Ọkọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló bẹ̀ wá níṣẹ́, ó fẹ́ gbé e sí pálọ̀ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ gidi tí à ń gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ yìí gan-an ni àbíkẹ́yìn wa kú sí. Omi ya wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, Ọ̀gá yìí sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa àti àwọn méjì mìíràn. Ó búra níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé wọ́n ti kú kí òun tó tì í. Kò mọ̀ pé àwa la bí ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí ọkọ mi gba iṣẹ́ náà, mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní òun fẹ́ kí ọkùnrin náà máa rí ilẹ̀kùn yẹn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Mo ní ó dáa. Ẹkún kì í kúkú fọ aṣọ.

Gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ló ń ṣí, tó ń padé. Bí Ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ti yàrá ẹ́ńjìnnì nìkan ló ní ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi lẹ̀ ẹ́. Mo ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti darúgbó jù mí lọ, kó lọ ra tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà la jí bá a ní ṣíṣí, tí omi ń kán tó tó tó.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ọ̀gá wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà, ó lejú koko.

"Mo ní kí ẹ tì í, ìyá."

N ò gbójú sókè. "Ẹ tì í fúnra yín, Ọ̀gá. Ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n tì."

Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó mọ ẹnìkan tó jọ mí. Ó wá fi ìka kan tì í. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dún gbàà bí irin. Ikọ́ gbé e, ó jáde, kò gbé ọkọ̀.

Bí ọ̀sán ṣe fẹ́ pọ́n ni ìyàwó rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìpè, ó kúnlẹ̀. Ó ní ọkọ òun dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, ó ń pariwo pé omi ti dé òun láyà, pé ká jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ orí tábìlì, nǹkan kan ń kan pákó, jẹ́jẹ́, bí èékánná.

Ọkọ mi gbé ọ̀bẹ, ó fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sọ sínú fóònù pé, "Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an, Ọ̀gá."

Ohùn rẹ̀ ń hó bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. "Wọn ò tíì kú. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Mo dúró, mò ń gbọ́. Wákàtí mẹ́fà kí kíkàn náà tó dáwọ́ dúró."

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Omi ń dà lójú ọkọ mi.

"Ó ti jẹ́wọ́," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí n ṣí i."

Mo wo aago ara ògiri. Aago méjìlá ni. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa àga sún mọ́ obìnrin náà.

"Dìde, ìyàwó, wá jókòó," mo ní. "Ó ku wákàtí méjì."