Kẹ́tù Tó Wà Nínú Ìdánwò

Ẹ má wulẹ̀ pe èyí ní àlọ́. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò náà ní Ìgándò lọ́dún 2011 ṣì wà láyé, tíṣà wọn náà ṣì wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hamdalah ti fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Àkàyé ló ń bá a jà. Ohun tí wọ́n bá kọ síwèé, á rí i. Èyí tí wọn ò bá kọ, ó parí nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, tíṣà lẹ́sìnnì wọn, ti wí títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, Hamdalah. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Tí ìwé bá ní aṣọ obìnrin kan tutù rinrin, ṣé wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òjò pa á ni?"

"Wọn ò ṣá kọ ọ́, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìdánwò mọ́ọ̀kì, ó pẹ́ jí. Ìyá rẹ̀, Àdíját, ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsọmọlórúkọ. Òun àti bàbá rẹ̀, Raheem, nìkan ló sùn nílé. Ó fo kẹ́tù àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ.

Nígbà tó fi dé kíláàsì, òjò ti ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́ lójijì. Hamdalah ṣí àkàyé kejì, ó ń kà á jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin kan jáde nílé láàárọ̀. Bàtà bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́tù tí bàbá náà bu omi sí lálẹ́ ṣì kún dẹ́nu. Okùn pupa ni wọ́n fi so ọwọ́ kẹ́tù náà tó kán. Ikọ́ tí bàbá máa ń wú ní ìdájí kò dún. Ọmọ náà fo kẹ́tù, ó ń lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e: Kí ló dé tí bàbá náà kò lo omi rẹ̀?

Hamdalah tún un kà. Òun fúnra rẹ̀ ló so okùn pupa yẹn mọ́ kẹ́tù ilé wọn. Bàbá rẹ̀ kì í sì í pa àsùbáà jẹ.

"Sà, àkàyé kejì yìí..."

"Ti oko iṣu yẹn? Kí ló ṣe é?"

Ó yọjú wo ìwé Zulaihat tó jókòó tì í. Iṣu ni. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó sá jáde sínú òjò.

Kẹ́tù ṣì kún nílé.

"Bàbá! Bàbá mi!"

Ilé pa rọ́rọ́. Raheem dojú kọ ògiri lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ayálégbé bíi tiwọn sáré wọlé, ó fọwọ́ kàn án.

"Kò tíì pẹ́," ló ní. "Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ká ní ẹnìkan wọlé wò ó láàárọ̀..."

Hamdalah gbọ́ èyí tó kù.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, wọ́n ti yàrá rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan kẹ́tù náà. Ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ àdúrà fìdáù, Àdíját tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pe ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́tù ti ṣófo. Ilẹ̀ tutù.

"Ìwọ lo ṣe àlùwàlá níbí?"

"Rárá, Màámi."

"Ta wá ni?"

Hamdalah wo ipa ẹsẹ̀ tutù tó ti ìdí kẹ́tù lọ títí dé ẹnu yàrá bàbá rẹ̀. Kò sí èyí tó padà. Àgádágodo ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

"N ò mọ̀, Màámi," ló ní.

Ó gbé kẹ́tù náà, ó lọ bu omi kún un.